Òjò dídì pupa: ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tó ń bá oòrùn yọ́ yìnyín

Lọ́dún 1818, John Ross, ọ̀gá atukọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wá ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà kọjá lápá àríwá Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe ń gba etíkun Greenland lọ ni wọ́n rí òkè kan tí òjò dídì bò, àmọ́ òjò dídì náà pupa fòò. Wọ́n bu díẹ̀ wá sílé. Ní London, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní irin tó já bọ́ láti ojú ọ̀run ló wà nínú rẹ̀. Robert Brown, onímọ̀ ewéko ọmọ Scotland, fura pé ohun abẹ̀mí ni. Brown ló jàre.

Algae ni, ìbátan ohun tútù yọ̀ tó máa ń so mọ́ ara àgbá omi tó bá ti pẹ́ nílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀. Nígbà òtútù, ó máa ń sùn. Tí òjò dídì bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, tí omi ń ṣàn láàárín hóró rẹ̀, algae á jí, á yọ okùn méjì tín-ín-rín, á sì fi wọ́n lúwẹ̀ẹ́ gòkè lọ bá ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ ewé ló ní nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n oòrùn ìpẹ̀kun àríwá ayé kì í ṣe ti eré: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀sán àti òru ló fi ń ràn. Algae á wá po aró pupa kan tí wọ́n ń pè ní astaxanthin láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Aró yìí kan náà ló ń mú kí ẹran ẹja salmon pọ́n.

Pupa yẹn gan-an ni wàhálà. Òjò dídì funfun a máa dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sójú ọ̀run. Èyí tó ti pọ́n a máa fà á mu, a sì tètè yọ́. Omi tó bá yọ́ ni algae ń fẹ́ láti pọ̀ sí i. Bó bá sì ti ń pọ̀ sí i, yíyọ́ náà ń yá sí i nìyẹn.

Liane Benning, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwádìí GFZ ní Potsdam, Jámánì, ti pẹ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí. Òun, Stefanie Lutz àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bu òjò dídì pupa ní Greenland, Iceland, Svalbard àti Sweden. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2016 ni pé, pẹ̀lú bí àwọn ibi wọ̀nyí ṣe jìnnà síra tó, àwọn algae kan náà ló gbòde níbi gbogbo. Bakitéríà tó ń bá wọn gbé ló ń yàtọ̀ láti ibì kan síbòmíràn. Wọ́n ṣírò pé láàárín ìgbà yíyọ́ kan, algae pupa lè dín ìmọ́lẹ̀ tí òjò dídì ń dá padà kù ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní kí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí máa ka èyí mọ́ ìṣirò wọn. Lójú tèmi, wọn ò béèrè jù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ kan wọ́n ajílẹ̀ NPK, àní irú èyí táwọn àgbẹ̀ wa ń rà, sórí òjò dídì ní Harding Icefield, Alaska. Algae ibẹ̀ gbilẹ̀. Wọ́n ní ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún òjò dídì tó ń yọ́ níbẹ̀, àfọwọ́fà àwọn ohun abẹ̀mí yìí ni.

Ọ̀rọ̀ ohun abẹ̀mí inú òjò dídì ní gúúsù ayé lọ́hùn-ún kò tíì yanjú tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2000, Edward Carpenter àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kéde pé àwọn rí bakitéríà nínú òjò dídì South Pole, àti pé ó jọ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù tó fi ìwọ̀n 12 sí 17 wà lábẹ́ òdo. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní ẹ̀rí náà kò tó.

Létí òkun Antarctica, kò sí iyèméjì. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ láti Cambridge àti British Antarctic Survey fi sátẹ́láìtì ka ojú ibi 1,679 tí algae ti sọ òjò dídì di àwọ̀ ewé. Púpọ̀ nínú wọn kò jìnnà sí ibùgbé ẹyẹ penguin, torí ìgbẹ́ ẹyẹ náà ni ajílẹ̀ wọn. Àwọn aláwọ̀ ewé nìkan ni sátẹ́láìtì náà kà. Àwọn pupa kò sí nínú iye yẹn.