Làkúrègbé, Ata Ilẹ̀ Pupa àti Ẹ̀rí Ara Eku

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní láti kékeré ni a ti í pa ẹ̀kan ìrókò; bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá làkúrègbé mu rẹ́gí. Irú làkúrègbé kan wà tí ó jẹ́ pé ara ni ó ń bá ara jà. Ohun tí ó yẹ kí ó gbógun ti kòkòrò àrùn a yíjú padà sí oríkèé. Oríkèé a wú, a gbóná, egungun a sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ata ilẹ̀ pupa kò ṣàjèjì nínú àgbo wa. Ǹjẹ́ ó ń ṣiṣẹ́ bí? Ní ọdún 2006, Ọ̀mọ̀wé Janet Funk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Arizona, ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Wọ́n gún eku ní abẹ́rẹ́ èépá ara kòkòrò àrùn streptococcus, èyí tí í máa mú kí oríkèé eku wú bí ti alárùn làkúrègbé. Wọ́n wá fún àwọn kan nínú eku náà ní oje ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n ti yọ òróró rẹ̀ kúrò, tí curcumin, ohun tí ó fún un ní àwọ̀, sì wà nínú rẹ̀. Wọn kò fún àwọn yòókù, kí wọ́n lè fi ọ̀kan wé èkejì.

Eku tí ó gba oje náà kí oríkèé tó wú rí ìgbàlà. Èyí tí ó gbà á lẹ́yìn tí oríkèé ti wú kò rí i. Ìrókò ti dàgbà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ níhìn-ín. Eku kì í ṣe ènìyàn. Abẹ́rẹ́ inú ikùn ni wọ́n fún eku. Ẹnu ni àwa fi ń mu àgbo, díẹ̀ sì ni curcumin tí ó ń ti inú ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ta ni í mọ ọjọ́ tí làkúrègbé yóò dé? Ìgbà tí oríkèé bá wú tán ni a ń wá oògùn kiri, ìgbà náà gan-an ni oje yìí kò ran eku lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹni tí ìka rẹ̀ ń wú, tí ó ń le gan-an ní òwúrọ̀, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ó má ṣe tìtorí àgbo pa oògùn dókítà tì. Kí ó sì sọ ohun tí ó ń mu fún dókítà.

Èyí kì í ṣe àbùkù fún ìṣègùn ìbílẹ̀. Oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ kì í bu àgbo fún aláìsàn láì kọ́kọ́ bi í pé: “Láti ìgbà wo ni?” Ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi eku ní Arizona.