Ẹ̀sọ̀ Ni A Fi Ń Tún Ẹ́ńjìnì Ṣe

Bí òróró ẹ́ńjìnì bá dà bí kọfí oníwàrà, tí èéfín funfun sì ń tú jáde, ó ṣeé ṣe kí joint de culasse ti jó. Òun ló wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí omi àti òróró pàdé. Bí awakọ̀ bá ṣì ń wà á bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnì lódindi lè bàjẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ nílé, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá. Kó fi irin títọ́ wo orí ẹ́ńjìnì bóyá ó ṣì tẹ́jú; bí ó bá ti wọ́, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ mú irin tẹ́jú. Joint tuntun ni kó lò. Láti àárín lọ sí etí ni kó ti máa lọ́ àwọn boulon le, díẹ̀díẹ̀, dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.