Ajáko: Ìdáàbòbò Ara nígbà tí Ó bá Súnmọ́ Ènìyàn

Ajáko jẹ́ ẹranko ìgbẹ́ tí ó bá ajá ilé tan. Orúkọ rẹ̀ gan-an gbé ajá dání. Lupulella adusta, ọ̀kan nínú irú rẹ̀ tí ó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní àwọ̀ eérú, ìlà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, àti ìrù tí ṣónṣó rẹ̀ sábà máa ń funfun. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju kílógíráàmù 12 lọ. Coyote, ìbátan rẹ̀ tí ó ń wọ àárín ìlú ní Àríwá Amẹ́ríkà, kò sí ní Áfíríkà.

Ní Côte d'Ivoire, ajáko wà ní Ọgbà Ẹranko Comoé, tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 1983. Òru ni ó ń jẹ̀ jù: eku, kòkòrò, èso àti òkú ẹran. Ààtàn lè fà á wá sí etí ilé. Bí ó bá rí ènìyàn, a máa sá. Nítorí náà, èyí tí kò sá ni kí a ṣọ́ra fún. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ ènìyàn ti mọ́ ọn lára, tàbí pé ọmọ rẹ̀ wà nínú ihò nítòsí, tàbí pé àrùn dìgbòlugi ti mú un. Kì í ṣe gbogbo ẹranko tí dìgbòlugi mú ni ó ń ya òǹrorò. Òmíràn a dákẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wọ́ nílẹ̀, yóò sì dà bí ẹran ọ̀sìn lójú ọmọdé.

Ẹni tí ajáko bá súnmọ́ kò gbọdọ̀ sá, nítorí ohun tí ó bá ń sá ni irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ń lé. Kí ó gbé ọmọ kékeré kúrò nílẹ̀, kí ó kọjú sí ẹranko náà, kí ó na apá sókè, kí ó pariwo, kí ó sì máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ láì dí ọ̀nà tí ẹranko náà lè gbà lọ.

Bí eyín bá kan ara, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Dìgbòlugi sábà máa ń fara pamọ́ fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Ọgbẹ́ a ti jinná, ẹni náà a ti gbàgbé. Bí àmì àrùn bá ti wá yọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ń yè é. Kí ó tó yọ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára wúlò.

Ní Ahougnansou, àdúgbò kan ní ìlú Bouaké, ajá ni ènìyàn yóò sábà bá pàdé, kì í ṣe ajáko. Ajá náà sì ni, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ, ó ń kó dìgbòlugi ran ènìyàn nínú bí ìdá 99 nínú 100. Ajá tí ara rẹ̀ dá, tí ó bu ènìyàn jẹ, ni a lè so mọ́lẹ̀ kí a fi ọjọ́ 10 ṣọ́ ọ, nígbà tí ìtọ́jú ẹni tí ó bù jẹ ti bẹ̀rẹ̀. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ajáko: abẹ́rẹ́ ẹni tí ó bù jẹ kò gbọdọ̀ dúró de àyẹ̀wò kankan.