Kọ̀ǹpútà Eré Àkọ́kọ́: Bí A Ti Ń Ṣa Ẹ̀yà Rẹ̀ àti Bí A Ti Ń Tò Ó

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ọmọ yóò ní òun ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó lè gbé gẹ́ẹ̀mù. Bàbá yóò bèèrè iye owó rẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò sì wọhò. Bí bàbá bá tilẹ̀ gbà, owó ńlá lè tán kí ẹ̀rọ náà má lè ṣe ohun tí a torí rẹ̀ rà á, tàbí kí ó jó kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ohun tí ó sábà máa ń fà á ni pé ẹni tí ó rà á kò mọ ohun tí ó wà nínú àpótí náà. Nítorí èyí ni a ṣe kọ àlàyé yìí, kí òbí àti ọmọ lè jọ jókòó, kí wọ́n sì jọ mọ ohun tí wọ́n ń náwó lé lórí.

KÍ NI A Ń PÈ NÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ERÉ?

Kì í ṣe ẹ̀rọ ọ̀tọ̀. Kọ̀ǹpútà bíi ti ọ́fíìsì ni, àfi pé a fi kún agbára tí ó fi ń ya àwòrán. Kí àwòrán inú gẹ́ẹ̀mù tó lè máa lọ geere lójú ẹni, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè ya nǹkan bí àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Agbára yìí kan náà ni àwọn tí ń ya àwòrán ilé àti àwọn tí ń gé fídíò ń lò. Ẹ̀rọ tí ó bá gbé gẹ́ẹ̀mù dáadáa yóò gbé iṣẹ́ ilé-ìwé láìrẹ̀ ẹ́. Yóò sì wúlò fún ìgbáradì ìdánwò JAMB, tí ó ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá láti ọdún 2015. Owó tí òbí ń ná yìí kì í ṣe owó eré nìkan.

Ìdí tí a fi ń gbani nímọ̀ràn láti to kọ̀ǹpútà orí tábìlì dípò kí a ra alágbèéká ni pé, nínú ọ̀pọ̀ alágbèéká, a ti fi òjé jó àwọn ẹ̀yà pàtàkì mọ́ pátákó inú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́. Ti orí tábìlì kò rí bẹ́ẹ̀: èyí tí ó bá kú nìkan ni a ó pààrọ̀, èyí tí ó bá sì kéré ni a ó fi kún lọ́jọ́ iwájú. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

ÀWỌN Ẹ̀YÀ MÉJE

(1) Processor: òun ni ọpọlọ tí ń ṣe ìṣirò gbogbo.
(2) Motherboard: pátákó tí àwọn ẹ̀yà yòókù ń jókòó lé, tí wọ́n sì ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀.
(3) RAM: ó dà bí tábìlì tí a ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni sí. Bí a bá ti pa iná, gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ á pòórá.
(4) Graphics card: òun ni ó ń ya àwòrán. Òun ni gẹ́ẹ̀mù ń yọ lẹ́nu jù.
(5) SSD: àká tí a ń kó nǹkan pamọ́ sí. Ó yára fíìfíì ju hard disk àtijọ́ lọ.
(6) Power supply: ó ń gba iná ojú ògiri, ó sì ń sọ ọ́ di èyí tí àwọn ẹ̀yà yòókù lè jẹ.
(7) Àpótí, tí gbogbo wọn ń gbé inú rẹ̀.

ÌWỌ̀N NI Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí a kọ síhìn-ín, ẹ má gbàgbé eléyìí: agbára kọ̀ǹpútà kì í ju ti ẹ̀yà tí ó kéré jù nínú rẹ̀ lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tí ó ra graphics card olówó gọbọi, tí ó wá fi processor tí ó ti gbó tì í, ẹṣin ni ó so mọ́ kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà. Bí a bá pín owó wa sí ọ̀nà 10, ó dára kí nǹkan bíi 4 lọ sí graphics card, kí 2 lọ sí processor, kí àwọn márùn-ún yòókù pín 4 tí ó kù. Ìlànà ni èyí, kì í ṣe òfin. Owó mọ́nítọ̀, kííbọ́ọ̀dù àti máòsì wà lọ́tọ̀, kí a sì tètè rántí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní gẹ́ẹ̀mù tí ọmọ ń fẹ́ kò ju ti mọ́nítọ̀ 1080p lọ. Processor AMD Ryzen 5 5600, tí ó jáde ní 2022, tó fún un. Motherboard B550 bá a mu. RAM DDR4 16GB, kí ó jẹ́ 8GB lọ́nà méjì, nítorí pé méjì tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀ yára ju ẹyọ kan lọ. Graphics card Radeon RX 6600 tí ó ní 8GB yóò gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú gẹ́ẹ̀mù. SSD 1TB àti power supply 550 watt ni ó parí rẹ̀. Processor yìí ń jẹ nǹkan bíi watt 65 sí 76, graphics card ń jẹ nǹkan bíi 132. Ẹ rí i pé 550 yóò gbé wọn, yóò sì tún ṣẹ́kù.

Kí a tó sanwó, kí a wò bóyá wọ́n bá ara wọn mu. RAM DDR4 kò lè wọ pátákó DDR5 láéláé. Motherboard B450 ti ọdún 2018 lè gba Ryzen 5 5600 sí ihò rẹ̀, síbẹ̀ kí ó má dá a mọ̀ títí a ó fi fún un ní BIOS tuntun. Kí a sì wọn àpótí, kí graphics card má baà gùn jù ú lọ.

IBI TÍ A KÒ GBỌ́DỌ̀ TI ṢAHUN

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rà gbẹ̀yìn, tí wọ́n sì máa ń rà ní pọ̀ọ́kú, ni power supply, nítorí pé a kì í rí iṣẹ́ rẹ̀ lójú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun nìkan ni ó lè kú kí ó sì pa àwọn yòókù. Iná tiwa ní Nàìjíríà, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, tí ó ń ga tí ó ń rẹlẹ̀, ń fi kún ewu náà. Power supply ayédèrú a máa kọ 600 watt sára, kí ó má sì lè gbé ìdajì rẹ̀. Kí a ra èyí tí ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ ṣe, kí ó sì ní àmì 80 PLUS. Bronze nínú àmì yìí túmọ̀ sí pé, bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìdajì agbára rẹ̀, nǹkan bíi 85 nínú 100 iná tí ó fà ni yóò dé inú kọ̀ǹpútà; ìyókù á di ooru. Àmì náà kò sọ pé ohunkóhun kò lè ṣe é, nítorí náà orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì pẹ̀lú.

Àwọn kan, pàápàá ti àtijọ́, ní bọ́tìnnì pupa kékeré lẹ́yìn, tí a kọ 115 àti 230 sí. Nàìjíríà ń lo 230. Bí ó bá wà lórí 115 tí a fi iná sí i, yóò bú gbàmù lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má ṣe tú power supply láéláé, ìbáà jẹ́ pé ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Iná tí ó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lè gbé ènìyàn.

Kí a sì ra UPS, kí kọ̀ǹpútà má baà kú lójijì nígbà tí iná bá lọ. Ẹ kíyè sí i pé UPS 650VA kì í ṣe watt 650. Iye watt rẹ̀ kéré sí i. Watt yìí ni kí a wò.

ỌJÀ TÒKUNBỌ̀

Kò burú láti ra àlòkù ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní ọjà mìíràn, bí a bá la ojú wa. Lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, tí a kò lè fi graphics card wa owó Ethereum mọ́, ọ̀pọ̀ card tí ó ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ni wọ́n kó sọ́jà. Àwọn ayédèrú sì wà tí a ti yí orúkọ inú wọn padà kí wọ́n lè máa pe ara wọn ní ohun tí wọn kì í ṣe. Ètò ọ̀fẹ́ kan tí a ń pè ní GPU-Z a máa tú àṣírí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kí a ní kí ẹni tí ń tà á fi gẹ́ẹ̀mù sí i lójú wa fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí a tó sanwó. Àpótí àti processor ṣeé rà ní àlòkù. Power supply kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo Windows 11 kò sì gbọ́dọ̀ ra processor tí ó ti pẹ́ jù, nítorí pé Windows 10 ti kúrò lábẹ́ ìtọ́jú Microsoft láti oṣù kẹwàá ọdún 2025.

TÍTÒ RẸ̀

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Orí tábìlì pákó ni kí a ti ṣe é, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, iná kékeré a máa wà lára wa tí ó lè ba ẹ̀yà jẹ́. Kí a máa fọwọ́ kan irin àpótí léraléra.

(1) Gbé ọ̀pá kékeré ẹ̀gbẹ́ ihò processor sókè. Jẹ́ kí àmì onígun mẹ́ta ara processor kọjú sí ti ara ihò. Fi sílẹ̀ kí ó jókòó fúnra rẹ̀. Má tẹ̀ ẹ́. Irin wẹ́wẹ́ 1331 ni ó wà lábẹ́ rẹ̀.
(2) Ti RAM méjèèjì bọ ojú kejì àti ojú kẹrin láti ọ̀dọ̀ processor, títí tí yóò fi dún kà.
(3) Ti SSD bọ ojú rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí o sì fi síkúrù dè é.
(4) De fáànù mọ́ orí processor. Èyí tí ó bá Ryzen 5 5600 wá nínú páálí ti ní òróró ìtutù lábẹ́. Má fi òmíràn kún un. Yí síkúrù rẹ̀ ní ìdábùú, díẹ̀ díẹ̀.
(5) Wo àwọn òpó kékeré inú àpótí: kí wọ́n wà níbi tí ihò motherboard wà nìkan. Òpó tí ó bá ṣìnà lè mú kí iná para pọ̀. Lẹ́yìn náà, gbé motherboard lé wọn.
(6) Fi power supply sí i. Wáyà oníhò 24 lọ sí ara pátákó, oníhò 8 lọ sí ẹ̀gbẹ́ processor.
(7) Ti graphics card bọ ojú gígùn tí ó wà lókè jù, kí o sì fún un ní wáyà tirẹ̀. Wáyà tí kò bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, a kì í fi ipá tì í.
(8) Wáyà mọ́nítọ̀, ara graphics card ni kí a fi í sí. Ryzen 5 5600 kò lè ya àwòrán fúnra rẹ̀. Bí a bá fi wáyà náà sára motherboard, òkùnkùn ni a ó máa wò.

Nígbà tí a bá tan án, kí a wọ BIOS. Kí a wò bóyá RAM pé 16GB, kí a sì wo ìgbóná processor. RAM tí a kọ 3200 sí lára lè máa sáré 2133 tàbí 2400. XMP tàbí DOCP ni a ó tàn kí ó lè sáré tán.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ wà níbi títò náà, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kí ẹ sì jọ fi wákàtí eré sí ìwọ̀n kí ẹ tó tan ẹ̀rọ náà. Ọmọ tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan yóò mọ èyí tí ó kú nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò gba owó ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà náà bá ti gbó. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wọ́n láǹfààní.