Grand-Bassam: Ìlú Tí Ìjọba Sá Fi Sílẹ̀

Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Treichville tàbí Adjamé, ìbáà jẹ́ Ẹjìgbò ni wọ́n ti bí i tàbí Abidjan níbí, á ti lọ sí Grand-Bassam rí. Ọjọ́ Àìkú la máa ń lọ jù. A ó wọ ọkọ̀ gbaka, a ó lọ gba atẹ́gùn létí òkun, a ó jẹ ẹja yíyan àti attiéké, a ó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ilé àtijọ́ tó tò láàárín òkun àti ọ̀sà, ọ̀pọ̀ wa kì í yà wò wọ́n. Ó máa ń dùn mí. Ibẹ̀ ni ìjọba Côte d'Ivoire ti bẹ̀rẹ̀, ìlú yẹn náà ni wọ́n sì ti ti àwọn kan lára àwọn tó kọ̀yà fún ilẹ̀ yìí mọ́lé.

Ẹ̀yà N'zima ló ń gbé ibẹ̀. Ní ọdún 1842, àwọn Faransé bá ọba ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Peter, tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Nígbà tó di 1843, wọ́n ti kọ́ ilé-odi Fort Nemours síbẹ̀. Ẹ̀bá ibi tí odò Comoé ti máa ń wọ inú òkun ni Bassam wà, odò yẹn sì ni ọjà ń gbà bọ̀ láti òkè nígbà náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Faransé ya Côte d'Ivoire sọ́tọ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1893, tí wọ́n sì fi Louis-Gustave Binger ṣe gómìnà àkọ́kọ́, Bassam ni wọ́n fi ṣe olú ìlú. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe àwọn ẹ̀yà ara ààfin gómìnà náà, wọ́n kó o wọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì tò ó pọ̀ ní Bassam. Ó ṣì dúró. Òun ni Musée National du Costume, níbi tí wọ́n ń kó aṣọ àti ọ̀ṣọ́ oríṣiríṣi ẹ̀yà orílẹ̀-èdè yìí sí.

Ilẹ̀ tóóró tí òkun wà lápá kan rẹ̀, tí ọ̀sà Ouladine wà lápá kejì, ni àwọn òyìnbó dó sí. Quartier France ni wọ́n ń pè é títí dòní. Abúlé àwọn N'zima wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn kò sì kúrò níbẹ̀.

Ìjọba kò pẹ́ níbẹ̀. Ní 1899, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ó sì pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó. Ẹ̀fọn ló ń gbé àrùn náà kiri, omi sì yí ìlú náà ká. Ní ọdún 1900, gómìnà kó ẹrù rẹ̀ lọ sí orí òkè tí a mọ̀ sí Bingerville lónìí. Àwọn oníṣòwò ní tiwọn kò lọ. Ní 1901 ni wọ́n parí afárá onírin tó gùn wọ inú òkun, nítorí ìgbì kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá súnmọ́ èbúté. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ẹ̀rọ sọ èrò kalẹ̀. Ọjọ́ lọ, wọ́n kọ́ irú afárá náà sí Port-Bouët ní 1931, Abidjan di olú ìlú ní 1934, wọ́n sì ṣí ọ̀nà omi Vridi ní 1950. Òwò bá ìjọba lọ. Lójú tèmi, ìfàsẹ́yìn yìí ló gba àwọn ilé náà là: kò sí olówó tó fẹ́ wó wọn láti fi kọ́ ilé alájà púpọ̀.

Nínú àwọn ilé náà, èyí tó wú mi lórí jù ni ọgbà ẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Treichville ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1949, ìjọba amúnisìn kó àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú PDCI-RDA, ẹgbẹ́ Félix Houphouët-Boigny, wọ́n sì tì wọ́n mọ́ Bassam láìgbọ́ ẹjọ́ wọn. Bernard Dadié, òǹkọ̀wé ńlá nì, wà lára wọn. Jean-Baptiste Mockey àti Mathieu Ekra náà wà níbẹ̀. Albert Paraiso àti Philippe Vieyra pẹ̀lú. Ẹni tó bá mọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí Ouidah yóò mọ̀ pé orúkọ ìdílé méjèèjì kò ṣàjèjì níhà ibẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá, àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà kọ oúnjẹ.

Àwọn obìnrin ló dìde. Anne-Marie Raggi àti Marie Koré wà lára àwọn tó ṣíwájú. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má ra ọjà òyìnbó. Lẹ́yìn náà wọ́n ní Bassam ni àwọn ń lọ. Ìjọba kò jẹ́ kí awakọ̀ gbé wọn, ọ̀pọ̀ bá fi ẹsẹ̀ rìn ín láti Abidjan, nǹkan bí 40 kìlómítà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1949, wọ́n kọrin, wọ́n jó lọ sí ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn sójà fi kóńdó lù wọ́n, wọ́n tú omi lé wọn lórí. Yanrìn ni àwọn obìnrin náà bù fi dá wọn lóhùn. Ọ̀pọ̀ ṣèṣe. Afárá tí ọkọ̀ wa ń gbà kọjá sí Quartier France lọ́jọ́ ìgbádùn ni wọ́n ń pè ní Pont de la Victoire, Afárá Ìṣẹ́gun.

Ní ọdún 2012, UNESCO fi Bassam sínú ìwé ohun ìní aráyé, abúlé àwọn N'zima pẹ̀lú. Lóòótọ́, ìlú náà ti rí ìbànújẹ́ lẹ́yìn ìyẹn: ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2016, àwọn apániláyà pa ènìyàn 19 létí òkun rẹ̀. Ìlú náà kò kú. Ọdọọdún ni àwọn N'zima ṣì ń jó ijó ọdún Abissa wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn ilé ń lọ. Ẹ dúró níwájú ọ̀kan tí wọn kò tún ṣe, ẹ wò ó dáadáa: iyọ̀ òkun ti jẹ ògiri dé bíríkì, pákó fèrèsé ti já ní apá kan, igi ti hù láti inú òrùlé, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti di ògiri mú. Èkó ti fi irú èyí kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ilé Ilojo Bar ní Tinúbú, tí àwọn Àgùdà kọ́, tí ìjọba ti kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ni wọ́n wó palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Kò sí ẹni tó lè dá a padà.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ará ilé tí ẹ wà ní Abidjan: bí ẹ bá tún kó àwọn ọmọ lọ sí Bassam, ẹ yà sí ilé gómìnà kí ẹ tó dé etí òkun, kí ẹ mú wọn dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí ẹ sì sọ orúkọ àwọn obìnrin ọdún 1949 fún wọn.