Nígbà Tí Ewé Bá Ń Pàwọ̀ Dà: Ìmọ̀ràn Fún Àwọn Tí Ń Wá Ibi Tí Ó Yẹ Fún Àwòrán

Kò sí ọmọ tí ó lọ sí ilé-ìwé ní ilẹ̀ wa tí kò mọ igi fúrúùtù tí a máa ń gbìn fún ibòji. Nígbà ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ a máa pọ́n bí osùn, a sì máa já bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí àwọn ọmọdé yóò fi gbá wọn jọ. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wá rò ó wò pé kì í ṣe igi kan ṣoṣo, bí kò ṣe gbogbo òkè àti àfonífojì tí ojú lè rí, ni ó pàwọ̀ dà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí òmíràn pọ́n bí iná, tí òmíràn dà bí wúrà, tí òmíràn sì rí bí epo pupa. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí ní ìgbà ìwọ́wé ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Vermont àti New Hampshire. Àwọn ará wa tí ń gbé ní ilẹ̀ náà a máa wa mọ́tò lọ síbẹ̀ pẹ̀lú aya àti ọmọ, kí wọ́n lè ya àwòrán tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí nílé.

Ṣùgbọ́n a ti kíyèsí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń padà wálé pẹ̀lú ayọ̀. Òmíràn á ní òun dé ibẹ̀, ewé kò tí ì pọ́n. Òmíràn á ní ewé ti wọ́ tán kí òun tó dé. Òmíràn á sì ní èrò pọ̀ níbẹ̀ ju ọjà lọ. Ohun tí ó fà á ni pé àwòrán tí ẹlòmíràn yà ni wọ́n rí, orúkọ ibẹ̀ ni wọ́n sì dì mú lọ. Àwọn àgbà sì ti sọ pé ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni. Èrò tiwa ni pé ẹni tí ó bá mọ irú igi, tí ó mọ gíga ilẹ̀, tí ó mọ ìmọ́lẹ̀ ọjọ́, tí ó sì mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, kò ní í ṣàìrí ibi rere, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ ibì kankan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó mú wọn.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ìdí tí ewé fi ń pàwọ̀ dà. Nínú ewé ni ohun kan wà tí ó fún un ní àwọ̀ tútù tí a mọ̀ ọ́n sí. Òun ni ewé fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti ṣe oúnjẹ fún igi. Nígbà tí ojúmọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí kúrú, tí òtútù sì ń bọ̀, igi a dẹ́kun àtitún ohun náà ṣe, a sì parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà ni àwọ̀ bí wúrà, tí ó ti fara pamọ́ sínú ewé láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò wá hàn síta. Àwọ̀ pupa kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣúgà tí ó kù sínú ewé ni àwọn igi mìíràn fi ń ṣe é lákọ̀tun ní àkókò náà. Bí oòrùn bá ń ràn dáradára lọ́sàn-án, tí òru sì tutù láìjẹ́ pé omi dì, àwọ̀ pupa a máa tàn gidigidi. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀fúùfù líle àti òjò ńlá bá dé, ní ọjọ́ kan péré ni wọ́n lè gbọn gbogbo ewé sílẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ ọjọ́ náà gan-an láti ọdún dé ọdún.

Igi kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní àkókò tirẹ̀. Igi méépù ni olórí wọn. Ọ̀kan nínú ẹ̀yà rẹ̀ fẹ́ràn ilẹ̀ àbàtà, òun ni ó sì kọ́kọ́ ń pọ́n nínú oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà. Èkejì ni èyí tí a ń fa omi dídùn rẹ̀ láti sè é títí yóò fi ki bí oyin. Òun a máa dà bí ọsàn tí ó pọ́n. Igi birch, tí èèpo rẹ̀ funfun bí tákàdá, a máa dà bí wúrà. Igi óákù ni ó ń kẹ́yìn, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa ṣókùnkùn bí awọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tètè dé kí ó wá ẹ̀bá àbàtà lọ. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé kí ó wá ibi tí óákù pọ̀ sí.

Ohun kejì ni gíga ilẹ̀, àwa sì rò pé òun ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Orí òkè àti ìhà àríwá ni àwọ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí àfonífojì àti sí ìhà gúúsù. Ní ìparí oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà, àríwá Vermont àti àwọn òkè gíga ni a ń lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ oṣù Ọ̀kítóbà, ibi púpọ̀ ni ó dára. Lẹ́yìn èyí, àwọn àfonífojì gúúsù ni ó kù. Ẹni tí ó bá bá ewé ní tútù, kí ó má ṣe bínú padà. Kí ó gun òkè. Ẹni tí ó bá sì bá igi ní ìhòhò, kí ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀nà Kancamagus ní New Hampshire fi èyí hàn kedere. Láti Lincoln dé Conway, gígùn rẹ̀ jẹ́ máìlì 34 àti ààbọ̀. Ibi tí ó ga jù lójú ọ̀nà náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2,855, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà náà sì ń bá odò Swift sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, nínú ìrìn wákàtí kan, ènìyàn lè bá ewé tí ó ti wọ́, èyí tí ó pọ́n dáradára, àti èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Nítòsí ìparí rẹ̀ ni afárá onígi kan wà tí a fi òrùlé bò, tí a kọ́ ní ọdún 1858. Ní Vermont, ọ̀nà 100 ni a bá tọ̀. Ó lé ní 200 máìlì láti gúúsù dé àríwá, ó ń gba ẹsẹ̀ àwọn òkè kọjá, ní Granville omi kan sì ń já láti orí àpáta ní ẹ̀bá rẹ̀ gan-an. Ohun kan tí ó mú kí ojú ọ̀nà Vermont mọ́ ni pé láti ọdún 1968 ni òfin ti ka pátákó ìpolówó ńláńlá léèwọ̀ níbẹ̀.

Ohun kẹta ni ìmọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀sán gangan ni ó dára fún àwòrán, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán a máa pa àwọ̀ ewé rẹ́. Ní àárín oṣù Ọ̀kítóbà, oòrùn ń yọ níbẹ̀ ní nǹkan bí aago 7 òwúrọ̀, a sì wọ̀ ní nǹkan bí aago 6 ìrọ̀lẹ́. Wákàtí kan lẹ́yìn yíyọ rẹ̀ àti wákàtí kan ṣáájú wíwọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe iṣẹ́. Ní òwúrọ̀, ìkùukùu a máa bo ojú odò, igi pupa a sì máa yọrí lókè rẹ̀. Bí ẹ bá dojú kọ oòrùn, tí ìmọ́lẹ̀ gba inú ewé kọjá, ewé náà a máa tàn bí fìtílà. Ẹ má sì bẹ̀rù ọjọ́ tí òjò ṣú, nítorí ewé tí omi rin máa ń fi àwọ̀ rẹ̀ hàn ju èyí tí ó gbẹ lọ. Ọgbọ́n tí ó dára ni pé kí ẹ fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé wo ọ̀nà náà láìmú kámẹ́rà jáde. Kí ẹ sàmì sí ibi tí ó wù yín, kí ẹ mọ ìhà tí oòrùn yóò ti yọ, kí ẹ sì padà wá ní òwúrọ̀.

Ohun kẹrin ni èyí tí ó mú wa kọ̀wé yìí jù lọ. Ní ìlú kékeré Pomfret ní Vermont, oko kan wà ní ẹ̀bá ọ̀nà Cloudland, tí ilé rẹ̀ àti ọ̀nà rẹ̀ tí ó wọ́ láàrin igi dára púpọ̀. Àwòrán rẹ̀ tàn kálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èrò sì rọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n gbé mọ́tò dí ọ̀nà tóóró náà; wọ́n wọ inú ọgbà onílé láìgbàṣẹ; àwọn kan tilẹ̀ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí ibi tí kò yẹ. Nígbà tí ó pọ̀ jù, ìgbìmọ̀ ìlú ti ọ̀nà náà mọ́ ọkọ̀ àlejò láti ọjọ́ 23 oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà dé ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀kítóbà ní ọdún 2023. Ta ni nínú wa tí yóò jí lówùúrọ̀ tí yóò bá ọgọ́rùn-ún àlejò nínú àgbàlá rẹ̀ tí inú rẹ̀ yóò dùn? Ohun tí ó jẹ́ ìran lójú wa, ilé ni lójú ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, kò sí ìdí tí a fi ní láti wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Òfin ọdún 1911 ni ó jẹ́ kí ìjọba Amẹ́ríkà ra ilẹ̀ igbó ní ìhà ibẹ̀, láti inú rẹ̀ ni a sì ti dá igbó ìjọba White Mountain sílẹ̀ ní 1918, àti ti Green Mountain ní 1932. Àwọn agégẹdú ti gé ọ̀pọ̀ igi òkè White Mountain lulẹ̀, iná sì jó ibẹ̀. Vermont pẹ̀lú ti fi igbó rẹ̀ ṣe pápá àgùntàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lónìí, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ rẹ̀ ni igbó ti padà bò. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilẹ̀ gbogbogbòò ni àwọn igbó ìjọba wọ̀nyí. Onílé àti àlejò ni ó lè rìn níbẹ̀ láìbẹ̀rù.

Kí ẹ tó lọ, ẹ ra epo mọ́tò, nítorí kò sí ibi tí a ti ń tà á lójú ọ̀nà Kancamagus. Ẹ mú àwòrán ilẹ̀ tí a tẹ̀ sórí ìwé dání, nítorí tẹlifóònù kì í sábà ṣiṣẹ́ láàrin òkè. Ẹ wọ aṣọ òtútù fún àwọn ọmọ. Ẹ má ṣe dúró láàrin títì. Ibi tí a là sílẹ̀ fún ọkọ̀ ni kí ẹ yà sí. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ yẹra fún òpin ọ̀sẹ̀ tí ó bá ọjọ́ Ajé kejì oṣù Ọ̀kítóbà pàdé, nítorí ìsinmi gbogbogbòò ni, èrò a sì máa pọ̀ jọjọ.

Ẹ̀yin òbí tí ó ní ọmọ ní Amẹ́ríkà, ẹ bá wa ka èyí sí wọn létí. Àwòrán tí a fi sùúrù wá, tí a yà láìfi ẹnikẹ́ni ṣe òfò, kò ní í ti ẹni tí ó yà á lójú nígbà tí àwọn ọmọ bá bi í léèrè bí ó ti rí i. A kí àwọn arìnrìn-àjò pé kí wọ́n lọ ire, kí wọ́n sì bọ̀ ire.