Ìdí Tí Ẹ̀jẹ̀ Ìyàwó Fi Lè Kọ Kíndìnrín Ọkọ

 

Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù ní ìlà elùbọ́ lórí ọ̀kan nínú wa tí kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, tó ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní òun á yọ kíndìnrín kan fún un. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, O ni àwọn méjèèjì, síbẹ̀ dókítà ní kò ṣeé ṣe. Ni àwọn kan bá ní ọkọ ló lọ bá dókítà sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ará ilé ọkọ ní inú ìyàwó ni kò mọ́. Èmi akọ̀wé yín bá a lọ sí ọsibítù, mo ní kí dókítà ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí kò kọjá ìwé mẹ́fà.

Ẹ wò ó, bí lọ́rì gàrí bá dé láti òkè, kálukú ló ní àmì tó kùn sára àpò tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run fi àmì sí ara wa. HLA ni àwọn dókítà ń pè é. Jean Dausset, dókítà ará Faransé, ló kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ lára ẹ̀jẹ̀ funfun ní 1958. A gba ìdajì lọ́dọ̀ bàbá, a gba ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣọ́ àmì yìí, èyí tí wọn kò bá mọ̀, wọn á gbógun tì í.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ara ìbejì ni iṣẹ́ yìí ti kọ́kọ́ yọrí sí rere, ní Boston, Amẹ́ríkà, ní December 1954. Ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ ni wọ́n, àmì kan náà. Ẹni tó gba kíndìnrín náà lo ọdún mẹ́jọ sí i láyé. Ìbejì akọ kan abo kan kò sí nínú èyí o.

Ibi tó kan àwa obìnrin rèé. Oyún tí a bá ní, àmì bàbá ọmọ wà lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ díẹ̀ máa ń pàdé ti ìyá, pàápàá nígbà ìbímọ. Sójà ara ìyá á rí àmì yẹn, á rọ ohun ìjà sílẹ̀ dè é. Kì í ṣe gbogbo abiyamọ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí kíndìnrín ọkọ bá wọlé, ìjà ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Kíndìnrín ọmọ tí a fi inú wa bí náà lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a bá gbà ní ọsibítù tún lè fà á. Èèyàn wa yìí bí mẹ́rin, ó sì gba páìntì méjì lórí èyí tó kẹ́yìn.

Àyẹ̀wò tó tú àṣírí yìí ni wọ́n ń pè ní crossmatch. Wọ́n á po omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn mọ́ ẹ̀jẹ̀ funfun ẹni tó fẹ́ fún un. Bí ẹ̀jẹ̀ funfun náà bá kú, ohun ìjà wà nílẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá fi agídí ṣe é, kíndìnrín náà lè dúdú lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó rán ojú rẹ̀ tán. Ọkọ á pàdánù ọ̀kan, ìyàwó kò ní rí i lò. Ta ló wá jẹ̀bi níbẹ̀?

Nílẹ̀ wa, St. Nicholas Hospital ní Èkó ló kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín, ní 2000. Ọsibítù Yunifásítì Ifẹ̀ náà ṣe é ní 2002. Owó iṣẹ́ abẹ nìkan ni ẹgbẹ́ wa ń dá, èmi ò sì fara mọ́ ọn. Oògùn tó ń mú sójà ara sinmi, ojoojúmọ́ ni, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní ara òun ti le, tó sì jáwọ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í lé e jáde. Ó lè má dùn ún rárá. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á ti kọ́kọ́ rí i, nígbà tí ìdọ̀tí tí wọ́n ń pè ní creatinine bá ń gòkè. Ẹ jẹ́ ká ya owó oògùn sọ́tọ̀ láti ìsinsìnyí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ wá ṣe àyẹ̀wò. Nínú mẹ́rin, ẹyọ kan ni ìrètí pé àmì wọn á bára mu pátápátá, wọ́n sì máa ṣe crossmatch ti àwọn méjèèjì náà. Ọkọ rẹ̀ ló ń bá a jókòó ti elùbọ́ lọ́jọ́ tó bá lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ máa rà lọ́wọ́ rẹ̀.